Ìbéèrè Kan Tí Bàbá Lọ́yà Kò Bi Bàbá Ìjọ

Ìwé tí ẹbí wa tẹ̀ fún ìsìnkú bàbá mi àgbà dára lójú. Àwòrán wọn wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, orin ìsìn wà nínú rẹ̀, ìtàn ìgbésí ayé wọn sì gba ojú ìwé mẹ́rin gbáko. Wọ́n ní àgbà agbẹjọ́rò ni wọ́n, wọ́n ní àwọn adájọ́ ń tẹ́tí sí wọn ní Ìbàdàn àti ní Àbújá, wọ́n ní baba rere, ọkọ rere, ọmọ ìjọ rere. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ Làmídì kò sí níbẹ̀. Mo bá lọ bá àbúrò bàbá mi tó kọ ọ́, mo ní kí ló dé. Wọ́n ní, "Àbẹ̀ní, ọjọ́ òní kọ́ la máa sọ ìyẹn." Ó dáa. Ọjọ́ yẹn ti lọ. Èmi ni mò ń sọ ọ́ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Bàbá Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò wa ní Adégbàyí, Ìbàdàn, ń pè wọ́n, èmi náà ò mọ orúkọ mìíràn fún wọn títí mo fi wọ iléèwé. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá kí wọ́n tó kú: kí Làmídì, ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré ní Ìrókò, la ẹnu rẹ̀ kó ní òun ti dárí jì wọ́n. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Làmídì fi ṣẹ̀wọ̀n lórí ohun tí kò ṣe, wọ́n sì ti ní kí wọ́n yẹgi fún un. Bàbá mi àgbà ni lọ́yà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Làmídì ni mò ń pè wọ́n lójúkojú o. Ṣùgbọ́n àgbà ti pọ̀ jù nínú ìtàn yìí, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ yín lójú, bí Bàbá Lọ́yà ṣe ń pè é ni màá ṣe máa pè é. Kó forí jì mí.

Iṣẹ́ kòtẹ́milọ́rùn ni Bàbá Lọ́yà ń ṣe. Ẹni tó bá jẹ̀bi ní kọ́ọ̀tù gíga, tí ìdájọ́ náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé e wá. Ẹ má rò pé wọ́n ń lọ wá ẹlẹ́rìí kiri. Ìwé ni wọ́n ń kà. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ ní kọ́ọ̀tù àkọ́kọ́, adájọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á dì í pọ̀, á sì nípọn ju Bíbélì lọ nígbà mìíràn. Ohun tó bá wà nínú ìwé yẹn nìkan làwọn adájọ́ òkè fẹ́ gbọ́. O lè ní ogún ẹlẹ́rìí nílé, bí kò bá ti sí nínú ìwé, o ò rí nǹkan kan sọ.

Wọ́n wá gbé ìwà yẹn wọlé tọ̀ wá. O ò lè sọ ìtàn kan fún Bàbá Lọ́yà kí wọ́n má tú u wò. Tí o bá ní, "Bàbá, ẹ ti ṣèlérí fún mi," wọ́n á wò ẹ́ láti orí jígí wọn, wọ́n á ní, "Ojú ìwé wo ló wà?" Màmá wa, ìyàwó wọn, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, nìkan ló lè dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ kan Màmá ní Bàbá ti sọ pé àwọn á kun ilé kí ọdún Kérésì tó dé. Bàbá ní ojú ìwé wo ló wà. Màmá ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ó wà lójú ìwé tí ọbẹ̀ alẹ́ yìí wà. Ẹ lọ jẹun níbẹ̀." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọ̀dà ti dé.

Nígbà tí mò ń kàwé ní yunifásítì, mo gba yàrá kan ní Ajíbọ́dé. Gbogbo Sátidé ni Bàbá ń wá, wọ́n á páàkì mọ́tò wọn tó ti gbó sí iwájú ilé, àwọn ọlọ́kadà á máa kí wọn, wọ́n á gbé ìdìpọ̀ ìwé wọlé. Àga mi ò ju ẹyọ kan lọ, èmi ló wà fún nítorí kọ̀ǹpútà. Etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n á máa pè é, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́n lójú ara mi nígbà yẹn, mo máa ń ki ọ̀rọ̀ tèmi bọ̀ ọ́. Mo kọ ọ́ nígbà kan pé ìdájọ́ kan burú jáì, ó sì ń tini lójú. Bàbá ní kí n kà á padà. Mo kà á. Wọ́n ní, "Yọ ọ́ kúrò. Inú ló ń bí ẹ níbẹ̀. Adájọ́ ò bá ẹ bínú." Mo yọ ọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí mo yọ ọ́ gan-an wá ń bani lẹ́rù. Mo jẹ́wọ́ pé mo kọ́ ọgbọ́n.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ wò wọ́n ní kọ́ọ̀tù. Ìyá kan láti abúlé kan ní Lágelú ni wọ́n ń rojọ́ fún. Wọ́n ti gba oko tí ọkọ ìyá náà fi sílẹ̀, kọ́ọ̀tù gíga sì ti ní kò lẹ́jọ́. Adájọ́ mẹ́ta jókòó sókè bí òkúta. Wọ́n ń ju ìbéèrè lu Bàbá, Bàbá sì ń dáhùn láìgbé ohùn sókè, wọ́n kàn ń sọ ojú ìwé, wọ́n ń ka ìlà kan, wọ́n ń dákẹ́. Ẹlẹ́rìí kan ní òun wà níbi tí wọ́n ti ta ilẹ̀ náà. Nígbà tí lọ́yà ìyá náà bi í léèrè ní kọ́ọ̀tù àkọ́kọ́, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilé ìwòsàn lòun wà lóṣù yẹn. Adájọ́ àkọ́kọ́ ti fojú fo ìlà yẹn. Bàbá ò fò ó. Nígbà tí wọ́n dá ìyá náà láre, ìyá yẹn wó lulẹ̀ sẹ́sẹ̀ Bàbá ní ìta kọ́ọ̀tù, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúrà. Bàbá gbé e dìde bí ẹni tí nǹkan ń dùn. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, màmá. Lọ́yà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà ló béèrè ohun tó yẹ kó béèrè. Òun ni kẹ́ ẹ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Àwọn tó dúró níbẹ̀ ní, ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ rárá. Èmi ti mọ ìdí rẹ̀ nígbà yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi. Mo ti sọ fún gbogbo ilé pé òfin ni màá kà, pé màá jókòó sí ọ́fíìsì Bàbá. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Bàbá pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kí n jókòó. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ náà ni màá ṣe sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló tọ́ mi," wọ́n ní. "Bàbá Ìjọ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìrókò, orúkọ tí gbogbo ìlú ń pè wọ́n nìyẹn. Bàbá mi kú nígbà tí mi ò tíì lè dá ara mi wẹ̀. Bàbá Ìjọ rán mi níléèwé, wọ́n ta oko kòkó kan kí n lè di lọ́yà. Ojú wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọn ò sọ fún ẹnì kankan. Àwọn ni wọ́n ń ka Bíbélì fún ìjọ láàárọ̀ Sọ́ńdè. Lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó wọn á ka orí tó kàn fún wọn nínú yàrá, wọ́n á há a sórí. Tó bá di ọjọ́ kejì wọ́n á ṣí Bíbélì síwájú, wọ́n á máa pè é bí ẹni tó ń kà á. Àwa tá a wà nílé mọ̀. Mo ti dúró níwájú wọn rí, bí mo ṣe sún mọ́ ẹ yìí, wọ́n ní, 'Ta nìyẹn?' Ta ló fẹ́ sọ fún bàbá pé ojú wọn ti lọ?"

Mo rò pé ìtàn ẹ̀rín ló ń bọ̀.

"Wọ́n bá ọkùnrin kan lójú ààlà oko, wọ́n ti ṣá a ládàá, ó ti kú. Òun àti Làmídì ti ń jà lórí ààlà yẹn tipẹ́, gbogbo ìlú ló mọ̀. Làmídì ní òun wà ní Mọ́níyà lọ́jọ́ náà, òun lọ ra ajílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bá a lọ. Àmọ́ Bàbá Ìjọ sọ fún ọlọ́pàá pé àwọn rí Làmídì lọ́sàn-án gangan, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà oko yẹn, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn. Wọn ò purọ́ o, Àbẹ̀ní. Wọ́n rí ẹnì kan tó ń kọjá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Làmídì bá olóògbé jà, wọ́n gbà pé Làmídì ni. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn sí ọ̀nà oko, bàbá ò lè dá ewúrẹ́ mọ̀ lára àgùntàn."

"Ẹ̀yin lẹ wá jẹ́ lọ́yà ẹ̀?"

"Ìyá rẹ̀ ló wá bá mi. Ìyá tó máa ń bu oúnjẹ fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, èmi àti Làmídì nínú abọ́ kan náà. Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi, ìyá àgbàlagbà. Wọ́n ní, 'Ìwọ lọmọ tí mo ní ní kọ́ọ̀tù.' Lọ́jọ́ tí Bàbá Ìjọ wá jẹ́rìí, gbogbo ìjọ Ìrókò ló bá wọn wá. Wọ́n sọ̀rọ̀ tán, adájọ́ ní ó kàn mí. Mo dìde. Ìbéèrè yẹn wà lẹ́nu mi. Kí n sáà na ìka mẹ́ta sókè, kí n ní, 'Bàbá, mélòó lẹ rí?' Ó parí. Làmídì ń wò mí. Ó mọ̀. Òun náà ti ń wọlé wa láti kékeré. Bàbá Ìjọ gbọ́ bí mo ṣe dìde, wọ́n yíjú sí apá ibi tí mo wà, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Inú wọn ń dùn pé ọmọ àwọn ni lọ́yà. Mo ní, 'Olúwa mi, mi ò ní ìbéèrè fún bàbá.' Mo jókòó."

Mo pariwo. Mo ní, "Bàbá! Kí ló dé?"

"O ń bi mí bí òyìnbó. Ṣé wàá ní kí bàbá tó tọ́ ẹ máa ka ìka lójú gbogbo ìjọ ni? Kí wọ́n má tún lè gun àga ìwàásù mọ́ láéláé? Mo rò pé ọgbọ́n mi á tó o. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó bá a lọ Mọ́níyà á gbà á sílẹ̀. Adájọ́ ní ẹ̀gbọ́n lè purọ́ fún àbúrò. Ó ní ṣùgbọ́n bàbá onígbàgbọ́ yìí, kò sí ẹni tó ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀, kódà lọ́yà ẹlẹ́jọ́ ò rí nǹkan kan bi í. Ó dá ẹjọ́ ikú. Ìyá Làmídì ò sunkún. Wọ́n kọjú sí mi ní ìta, wọ́n ní, 'Lọ́yà, ṣé ẹ ti ṣe tán?' Wọn ò pè mí ní 'ẹ' rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ mí."

Bí mo ṣe pa òfin tì nìyẹn. Mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Bàbá ò bi mí léèrè ìdí, èmi náà ò sì sọ.

Ohun tó tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀ ni mo kó o jọ, láti ẹnu wọn àti láti ẹnu Màmá. Bàbá gbé ẹjọ́ náà lọ sí kòtẹ́milọ́rùn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n lọ bá Bàbá Ìjọ, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Bàbá Ìjọ ní, "Kí ló ṣe ojú mi? Ṣé ìwọ náà ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ tàbùkù mi ni?" Ó tán síbẹ̀. Àwọn adájọ́ mẹ́ta ní Ìbàdàn wá ṣí ìwé. Wọ́n ní, lọ́yà, o ní bàbá yìí ò ríran, níbo ló wà nínú ìwé? Bàbá ní, "Kò sí níbẹ̀, ẹ̀yin Olúwa mi, nítorí èmi ni mi ò béèrè." Wọ́n ní ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ nígbà náà, tí o ò lò, o ò lè wá gbé e jáde lónìí bí ohun tuntun. Òfin nìyẹn lóòótọ́. Bàbá fúnra wọn ti fi gba àre lẹ́nu àwọn lọ́yà ẹlòmíràn lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Bàbá Ìjọ kú kí ẹjọ́ tó dé Àbújá. Ìgbà yẹn ni Bàbá Lọ́yà wá ṣe ohun tí ìdílé Ìrókò kò dárí rẹ̀ jì wọ́n di òní. Wọ́n fi ẹjọ́ náà lé lọ́yà mìíràn lọ́wọ́, wọ́n bọ́ aṣọ lọ́yà sílẹ̀, wọ́n lọ búra níwájú akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Bàbá Ìjọ ti fọ́jú kí wọ́n tó jẹ́rìí, pé àwọn mọ̀, pé nítorí ìtìjú ni àwọn ò ṣe béèrè, kí wọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn pa Làmídì. Wọ́n kọ ti Bíbélì àhásórí sí i. Adájọ́ márùn-ún kà á. Wọ́n ní ẹni tó gba lọ́yà ti gba ọgbọ́n lọ́yà àti àṣìṣe rẹ̀. Ẹjọ́ kú síbẹ̀, àmọ́ kò sí gómìnà tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yẹgi fún Làmídì.

Ẹbí ní Ìrókò ranṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní ọmọ tó bá ṣí aṣọ lára baba rẹ̀ lẹ́yìn tó ti wọ ilẹ̀, kó má bọ̀ wá sínú ilé baba náà mọ́, láàyè àti lókùú. Bàbá pàdánù Làmídì, wọ́n pàdánù ilé. Láti ìgbà yẹn ni wọn ò ti dúró ní kọ́ọ̀tù gíga mọ́. Ẹjọ́ tó ti bàjẹ́ tán nìkan ni wọ́n ń gbà.

Ẹ wò ó, òwe kan wà tí ènìyàn ò gbọ́dọ̀ pa lójú wọn. Àwọn ará ìjọ a máa fi tù wọ́n nínú: bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Ojú Bàbá á pọ́n. "Òótọ́ wo?" wọ́n á ní. "Òótọ́ kì í lé nǹkan kan bá. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ dìde kó béèrè."

Ìyá Làmídì ń lọ wò ó lẹ́wọ̀n títí ẹsẹ̀ wọn fi wú. Wọ́n kú láìrí i níta. Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, gómìnà tó wà lórí oyè dárí ji àwọn arúgbó ẹlẹ́wọ̀n kan, orúkọ Làmídì sì wà níbẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé Bàbá lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n. A dúró láti àárọ̀. Làmídì jáde, orí rẹ̀ funfun báláú, àpò náílọ̀n kan lọ́wọ́. Bàbá mi àgbà, nínú kóòtù àti táì, dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà. Làmídì dúró wò wọ́n. Ó yà fún wọn, ó wọ mọ́tò tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé wá, wọ́n sì lọ. Èmi ni mo gbọn eruku kúrò láyà Bàbá. Ojú tì mí débi pé inú ń bí mi, mo ní, "Ó kéré tán, ó ti bọ́." Bàbá wa mọ́tò dé ojú ọ̀nà Ifẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ohun tí kò ṣe ni wọ́n dárí rẹ̀ jì í."

Jẹjẹrẹ ló pa wọ́n níkẹyìn. Ó jẹ wọ́n tán, agbádá wọn wá ń dúró lára wọn bí aṣọ tí wọ́n sá sórí igi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n pè mí. Wọ́n ti kọ lẹ́tà sí Làmídì títí, kò dáhùn. Wọ́n ti rán àwọn alàgbà lọ, Làmídì gbé omi fún wọn mu, ó sì ní ó dàbọ̀. "Ìwọ ni kó o lọ," wọ́n ní. "Má ṣàlàyé. Má rojọ́ fún un. Bi í bóyá ó dárí jì mí. Ohun tó bá sọ, gbé e wá bó ṣe sọ ọ́."

Mo wọkọ̀ dé Mọ́níyà, mo gun ọ̀kadà dé Ìrókò, mo tún fẹsẹ̀ rìn wọ abúlé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlú ò gba Làmídì mọ́, ẹ rántí, nínú ìwé, apànìyàn tí wọ́n dárí jì ni. Mo bá a lábẹ́ àtíbàbà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ó ní kí n jókòó, ó bu omi fún mi. Ó ní, "Ọmọ Lọ́yà ni ẹ́. Iwájú orí yẹn ò fara sin." Mo sọ ohun tí wọ́n rán mi.

Ó bó ẹ̀gúsí bíi mélòó kan kó tó sọ̀rọ̀. "Èmi àti bàbá ẹ ò jà," ó ní. "Ara mi ò le tó ìjà mọ́. Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀ tí Bàbá Ìjọ wá jẹ́rìí lórí ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ pé n ò ní lè béèrè náà. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kúnlẹ̀ fún un. Ìyá mi ló kúnlẹ̀ fún un. Kó lọ bẹ ẹni tó kúnlẹ̀ fún un."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ojú sókè, ó ní, "Ìyá wa wà níbi itẹ́ òkú. Kó máa lọ bá wọn níbẹ̀."

Láti Ìrókò dé Adégbàyí, irọ́ ni mò ń pa mọ́ra lójú ọ̀nà. Mo pinnu pé ẹni tó ń kú lọ ò yẹ kó gbọ́ irú èyí. Ta ló máa bi mí? Mo wọlé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní, "Bàbá, wọ́n ní àwọn ti dárí jì yín."

Bàbá pa ojú dé. Mo rò pé ó ti tán. Wọ́n ní, "Níbo ló wà nígbà tó sọ ọ́?"

"Lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí."

"Òun nìkan?"

"Òun àti ẹ̀gbọ́n wọn."

"Kí ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá sọ?"

Mi ò múra ìyẹn sílẹ̀. Mo ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan, sà."

"Obìnrin tó gbé oúnjẹ lọ sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún mẹ́tàlélógún. Ó gbọ́ tí àbúrò ẹ̀ dárí jì mí. Kò sọ nǹkan kan?"

Mo fi ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Wọ́n ṣí ojú. Ohùn wọn ò le rárá, ó kàn rẹ̀ wọ́n. "Àbẹ̀ní, ohun tí mo ṣe fún Bàbá Ìjọ, má ṣe é fún mi."

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti Làmídì àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní kí n tún ti ìyá náà sọ, mo tún un sọ. Bàbá mi àgbà, tí mi ò rí omijé wọn rí, kódà lọ́jọ́ tá a sin Màmá, bú sẹ́kún. Wọn ò fi ọwọ́ nù ún. Nígbà tó pẹ́ wọ́n ní, "Ó tọ́." Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n tún lò. Bí wọ́n bá ti la ojú, ògiri ni wọ́n ń wò. Ẹ̀rù bà wọ́n láti kú, mo rí i, mi ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i. Nígbà mìíràn mo máa ń bínú sí wọn pé wọn ò jẹ́ kí n purọ́ yẹn fún wọn.

Adégbàyí la sin wọ́n sí, nígbà tí Ìrókò ti ní rárá. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà títí wọ́n fi gbé pósí sọ̀kalẹ̀. Làmídì ò wá, mi ò bá a wí. Alùfáà wa àgbà dúró létí sàréè, ohùn wọn ń gbọ̀n nítorí ogbó, wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ pé arákùnrin wa lọ ní àlàáfíà, pé ó bá gbogbo ènìyàn rẹ́ kó tó lọ, pé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bẹ̀. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Mo la ẹnu mi. Àwọn ni wọ́n ṣe ìsàmì fún mi, àwọn ni wọ́n so bàbá àti ìyá mi pọ̀, irun orí wọn ti funfun tán, wọ́n sì ń wo ojú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Àmín."